Kúbùsù Tó Wà Lábẹ́ Orúnkún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnu ṣe ń kó bá ẹlẹ́nu, ẹ béèrè lọ́wọ́ Kòdípẹtà. Kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá a. Ajórin ni, ó ń ṣe géètì, ó ń ṣe férémù fèrèsé, ó ń tún àga àti bẹ́ẹ̀dì onírin ṣe. Bó bá ti parí iṣẹ́ kan báyìí, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á ní, "Ẹ gbé e lọ. Ohun tí ọwọ́ mi bá kàn, kò dípẹtà mọ́ láyé!" Ó sọ ọ́ títí tí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ di orúkọ fún un. Nígbà tó fi máa pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an, ìyẹn náà sì di ọjọ́ tínú bá ń bí i.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìparí òpópónà, ilé gígùn kan tí wọ́n fi páànù kàn. Àwọn méjì ló ń lò ó. Apá ọ̀tún jẹ́ ti irin, apá òsì jẹ́ ti gíláàsì. Bàbá tó ni apá òsì fi ọdún mẹ́jọ ju Kòdípẹtà lọ. Òun ló ń gé gíláàsì fèrèsé àti jígí fún gbogbo àdúgbò, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń pè é, torí pé kó tó gé gíláàsì, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa á lórí, á ní "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́", bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tó ń sunkún. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gíláàsì kì í fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti jọ wà níbẹ̀, wọn ò jà rí, àfi lórí rédíò.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn méjèèjì á bi yín pé báwo ni irin àti gíláàsì ṣe jọ ń gbé inú ilé kan. Ìbéèrè gidi ni. Ẹ̀rọ tí Kòdípẹtà fi ń lọ irin máa ń ta ìpẹ́pẹ́ iná. Ìpẹ́pẹ́ yẹn kì í ṣe iná lásán, irin gbígbóná ni. Bó bá bà lé gíláàsì, á jó wọnú ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, wọ́n ní àdéhùn. Kí Kòdípẹtà tó tan ẹ̀rọ, á ké pé, "Mo fẹ́ lọ irin o, Ẹ̀gbọ́n!" Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á da kúbùsù àtijọ́ kan tó nípọn bo gíláàsì rẹ̀, á dáhùn pé, "Mo ti bò ó!" Ìgbà yẹn ni iná tó lè ta. Ojoojúmọ́ ni, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́. Àwọn tó ń kọjá lójú títì mọ ohùn àwọn méjèèjì bí ẹni mọ agogo iléèwé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Tíṣà dé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ tó fi ń gún èèyàn lọ. Ìyá Tíṣà ti kọ́ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò níwèé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí, ojú rẹ̀ sì ti lọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ìmọ́lẹ̀ fírífírí nìkan ló ń rí.

Tábìlì kékeré kan ni wọ́n gbé wá, irú èyí tí wọ́n ń gbé sáàárín àga pálọ̀ láti gbé ife kọfí lé. Ọkọ ìyá náà, tó ti di olóògbé, ló rà á nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ kógbá wọlé ń ta ẹrù inú ọ́fíìsì ọ̀gá wọn. Ará Faransé kan tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà ló ṣe é, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì lu orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ irin náà ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi òòlù rọ, ó ká orí wọn róbótó, ojú òòlù ṣì hàn lára wọn. Gíláàsì orí rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò, etí rẹ̀ ń dán bí omi odò tó ní ewé nísàlẹ̀.

Kòdípẹtà dojú tábìlì náà dé, ó wo abẹ́ rẹ̀. "Háà! Kí lọkùnrin yìí jẹ yó kó tó rọ irin báyìí?"

"Ẹsẹ̀ kan ló ń mì, ọmọ mi," ni Ìyá Tíṣà wí. "Bá mi dè é. Má fọwọ́ kan ibòmíràn."

Ó wá ṣàlàyé. Ní àràárọ̀ ni òun àti ọkọ òun ń jókòó ti tábìlì yìí. Nígbà tí ojú òun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ọkọ òun á di ọwọ́ òun mú, á fi rìn lórí gíláàsì náà láti etí kan dé ìkejì: ibí ni ife rẹ, ibí ni rédíò, ibí ni oògùn ojú rẹ. "Nígbà tí kò sí mọ́, mo ṣì ń fọwọ́ rìn ín. Ó ń jọ̀lọ̀ bí omi tó dákẹ́. Òun nìwé tó kù tí mò ń kà."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀," ni Kòdípẹtà wí. "Ohun tí ọwọ́ mi bá kàn..."

"A ti gbọ́," ni nọ́ọ̀sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Kò ní dípẹtà. Ẹsẹ̀ kan yẹn ni kẹ́ ẹ dè, sà."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé gíláàsì náà lọ sí apá tirẹ̀, ó fi ti ògiri, ó da kúbùsù bò ó dáadáa. Ó fẹ́ lọ wọn fèrèsé ní ọsibítù kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Àbúrò, mo ti bò ó o. Mi ò ní pẹ́."

Ẹsẹ̀ tábìlì náà ò gba àsìkò rárá. Kòdípẹtà jó o pọ̀, ó dúró gírígírí. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n nígbà tó dojú tábìlì náà dé, ó rí ìpẹtà kékeré kan lábẹ́ rẹ̀, kò tó èékánná. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ṣé ọwọ́ òun ló máa kan irin, tí ìpẹtà á tún wà níbẹ̀? Kí wọ́n má gbọ́! Ó gbé ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀. Sìmẹ́ńtì bù ú jẹ ní orúnkún ọ̀tún, èyí tó ti ń dùn ún láti ìgbà tó ti já bọ́ lórí àkàsọ̀. Ó wá àkísà tì. Ó wá wo apá òsì, ó rí kúbùsù.

Ó ká a kúrò lórí gíláàsì. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi tẹ́ orúnkún. Ẹ sì wá wo bí ẹnu ṣe lè máa ṣiṣẹ́ tí orí ò sí nílé: ó ké o! "Mo fẹ́ lọ irin o, Ẹ̀gbọ́n!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tan ẹ̀rọ, iná sì ń ta pàràpàrà lọ sí apá òsì.

Ó lọ ọ́ títí irin fi funfun. Ó dìde, ó na ẹsẹ̀, orúnkún ò dùn ún rárá. Orúnkún tí kò dùn ún yẹn ló rán an létí.

Ó sáré dé ibi gíláàsì. Tó bá wò ó láti òkèèrè, kò sí nǹkan kan. Àfi ìgbà tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹni wọ́n iyanrìn sí i ló rí, láti àárín dé etí kan. Ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Ó fi kẹrosíìnì nù ún. Ó fi èékánná họ ọ́ títí èékánná fi kán. Ọ̀gbẹ́ni, ìwọ tóo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́, kí lò ń họ? Òógùn bò ó. Ó gbọn ekuru kúrò lára kúbùsù, ó dà á padà bo gíláàsì bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó ní tí Ẹ̀gbọ́n bá ti dé, òun á sọ fún un.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ní ọ̀sán, ó ń ráhùn lórí àwọn fèrèsé ọsibítù tí ìkankan ò dọ́gba. Ó ká kúbùsù kúrò, ó ní etí gíláàsì Màmá dọ̀tí, òun á fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó wá gbé e. Ọṣẹ olómi tó máa ń lò ti tán. Ìyàwó rẹ̀ ti fún un ní ọṣẹ oníyẹ̀fun kan láti ilé, ó ní ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà torí pé ọṣẹ ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gíláàsì. "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́."

Kòdípẹtà ń wò ó. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí.

"Hẹ́n?"

"Ẹ kú iṣẹ́."

Ó tó ìgbà mẹ́ta tó pè é bẹ́ẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ló sì kí i kú iṣẹ́. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í níkẹyìn pé ṣé òun ń kú lọ ni, tó fi ń kí òun tó báyìí.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Tíṣà àti ọmọ rẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ìyá fọwọ́ mi ẹsẹ̀ tábìlì. Kò yẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó di ọwọ́ Kòdípẹtà mú, ó gbàdúrà fún un. "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ọwọ́ rẹ ò ní dípẹtà." Wọ́n gbé gíláàsì lé e. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé etí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ rìn. Nígbà tó dé àárín, ọwọ́ náà dúró.

"Ta ló da iyanrìn síbí?"

Nọ́ọ̀sì fi aṣọ nù ún. Ìyá tún fọwọ́ kàn án. "Ó ṣì wà níbẹ̀."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ súnmọ́ ọn. Ó fi ìka gbá a lọ, ó fi gbá a bọ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Kúbùsù tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà bò ó, bó ṣe fi sílẹ̀ náà ló bá a. Ta ló máa ronú nípa iná? Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń ké síra wọn, àdéhùn náà ò yẹ̀ rí. "Ọṣẹ yẹn ni," ló wí. "Yéè! Ọṣẹ oníyẹ̀fun yẹn ló ha á. Màmá, èmi ni mo bà á jẹ́."

Kòdípẹtà dúró tì í, kò jìnnà tó apá kan. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ. Ṣùgbọ́n àdúrà tí ìyá gbà fún un ṣì gbóná ní ọwọ́ rẹ̀, ojú sì tì í.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n gé gíláàsì tuntun. Ìyá ní ó tì o, orí èyí lọwọ́ ọkọ òun ti rìn. Ó wá ọwọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́. "Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Mo dárí jì ọ́, ọmọ mi."

Kòdípẹtà wá rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ gbọ́ ohun tó ti ẹnu àgbàlagbà jáde: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí i? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láti ọjọ́ yẹn.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ò rojọ́, kò sì pariwo. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Tó bá wọn gíláàsì tán, á ní, "Àbúrò, wá bá mi wò ó, ṣé ó gún?" Ẹni tó ti ń gé gíláàsì fún ogójì ọdún! Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gé e lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tó bá ń gbọ̀n, gíláàsì mọ̀ ọ́n. Èyí tó fẹ́ gé fún fèrèsé ọsibítù sán láàárín, òmíràn tún sán lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó gbá ilẹ̀ apá tirẹ̀, ó to gíláàsì tó kù sí ògiri, ó yọ dáyámọ́ńdì kúrò lápò. Dáyámọ́ńdì ni wọ́n ń pe irinṣẹ́ kékeré tí wọ́n fi ń gé gíláàsì, kì í kúrò lápò àyà rẹ̀ láé.

"Ojú mi ti ń kú, mi ò kàn fẹ́ gbà ni," ló wí. "Gíláàsì Màmá ló fi hàn mí. Ẹni tí kò bá tètè mọ ìgbà tó yẹ kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ á dójú tì í."

"Ẹ̀gbọ́n, nítorí gíláàsì kan?"

"Ọmọ iṣẹ́ tó lo ọ̀sẹ̀ kan péré mọ̀ pé wọn kì í fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ gíláàsì. Èmi ni mo ṣe é. Ó ti tó, Àbúrò." Ó da kúbùsù lé gíláàsì tó kù, ó sì lọ ilé.

Kòdípẹtà jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ títí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fi dẹ́kun mímì. Ó mọ̀ dájú pé òun ni òun lé e lọ. Kò sì dìde tẹ̀ lé e.

Àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e korò. Bó bá fẹ́ tan ẹ̀rọ, ẹnu rẹ̀ á ṣì ké pé "Mo fẹ́ lọ irin o, Ẹ̀gbọ́n!", páànù nìkan ló ń dá a lóhùn. Ó máa ń lọ kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní ọjọ́ Àìkú, á bá a lórí àga níwájú ilé, ọwọ́ méjèèjì lórí itan bí ohun tí ẹnì kan gbé síbẹ̀ tó ní òun ń bọ̀ wá gbà. Wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Kòdípẹtà á ní, "Ẹ̀gbọ́n..." Bàbá á ní, "Hẹ́n?" Á ní, "Ẹ kú ìsinmi." Ìsinmi wo! Á sì máa rìn bọ̀ wálé, á máa bú ara rẹ̀ ní gbogbo ojú ọ̀nà.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kì í gbójú lé nǹkan lásán, gbé oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Bàbá Àwọn Ọmọ, oúnjẹ mi ò dùn mọ́ ni, àbí o ti ní ẹni tó ń sè é fún ọ níta?"

"Ebi ò pa mí ni."

"Ebi tí kò pa ọ́ fún oṣù méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwọ lò ń rù. Kí ló wà láàárín yín?" Ó wá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, odindi. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ ra ìṣó ìkànlẹ̀kùn. Ìyàwó rẹ̀ ní ìṣó kún àpótí.

Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Màmá ní kẹ́ ẹ wá wo nǹkan kan. Àmì pupa kan ń yọ lórí gíláàsì yẹn. Mo fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Màmá ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí."

Ó tẹ̀ lé e. Pálọ̀ náà mọ́, àga méjì dojú kọra, ti ọkọ ìyá ṣófo síbẹ̀, tábìlì wà láàárín wọn. Oòrùn àárọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó bọ́ sórí gíláàsì gẹ́lẹ́. Kòdípẹtà kò tíì jókòó tó fi rí i. Ìpẹtà ni. Ẹ̀kán wẹ́wẹ́, pupa bí ilẹ̀, ó tó igba, ó tú ká láti àárín lọ sí etí kan bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí. Gbogbo ìpẹ́pẹ́ irin tó jó wọnú gíláàsì lọ́jọ́ náà ló ti mu omi tí wọ́n fi ń nù ún láràárọ̀, ó ti dípẹtà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiṣẹ́ irin á kà á bí ìwé. Ó mọ ibi tóun kúnlẹ̀ sí. Ó mọ apá ibi tí ẹ̀rọ kọ ojú sí.

Nínú yàrá yẹn, òun nìkan ló lè kà á. Ìyá ò ríran. Ọmọ rẹ̀ ríran, ṣùgbọ́n kò mọ irin.

"Àbí ọṣẹ yẹn náà ni, sà?" ni nọ́ọ̀sì bi í. "Ṣé ọṣẹ yẹn ló ń yọ pupa jáde?"

Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n gbé irọ́ náà fún un lórí àwo, wọ́n tún fi ìbéèrè ṣe ọbẹ̀ rẹ̀. Kó kàn mi orí ló kù. Kó ní "Bẹ́ẹ̀ ni," kó máa lọ ilé, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí wọ́n á fi sin ín. Ó sì rò ó. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, ó rò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló rí ọwọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́kàn rẹ̀, lórí itan, láìṣe nǹkan kan.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì jọ tirẹ̀ mọ́. "Ìpẹtà ni. Irin ni, irin tèmi. Kì í ṣe ọṣẹ. Ẹ̀gbọ́n ti bo gíláàsì yín. Èmi ni mo ká kúbùsù kúrò, mo fi tẹ́ orúnkún, mo sì lọ irin. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kan ibòmíràn, mo fọwọ́ kàn án. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tó ń bẹ̀ yín, mi ò sọ̀rọ̀."

Ìyá Tíṣà ò gbójú sókè, ó ń fọwọ́ wá àwọn ẹ̀kán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá yẹn," ló wí. "Wọ́n ní ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nítorí èyí?"

"Nítorí èyí ni."

"O sì wá ń jẹ́wọ́ fún èmi." Ohùn tó fi ń bá ọmọ kíláàsì wí ló bọ́ sẹ́nu rẹ̀. "Ṣé èmi lo lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́? Mo ti fi ìdáríjì mi fún ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Èmi ò ní òmíràn nílẹ̀ fún ọ báyìí. Dìde. Gbé gíláàsì yìí lọ bá ẹni tó o ṣẹ̀."

Ó fi aṣọ wé gíláàsì náà, ó gbé e lé èjìká. Oòrùn ti mú. Gbogbo òpópónà ló ń kí i. "Kòdípẹtà, ẹ kú iṣẹ́ o!" "Kòdípẹtà, ọkọ irin!" Kó tó dé ìyànà kejì, ó ti ń bẹ̀bẹ̀ nínú pé kí ẹnì kan jọ̀ọ́ pe òun ní nǹkan mìíràn.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wà lórí àga níwájú ilé. Kòdípẹtà gbé gíláàsì lé orí bẹ́ǹṣì, ó ṣí aṣọ lójú rẹ̀, ó sì sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí ìdúró. Kò fi nǹkan kan pamọ́, kò sì kí i kú iṣẹ́.

Bàbá náà tẹ̀ síwájú. Ó fi ìka kan ẹ̀kán ìpẹtà kan, ó fi kan òmíràn. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"O ké?" ló bi í.

"Mo ké, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló dá ọ lóhùn?"

"Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn."

"Kúbùsù tí mo fi bo iṣẹ́ mi," ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wí, jẹ́jẹ́. "O fi tẹ́ orúnkún." Ó nahùn pe ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. "Gbé dáyámọ́ńdì mi wá."

Ìyàwó rẹ̀ ti jù ú sínú agolo bọ́tìnì, ó wá a títí kó tó rí i. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fa ègé gíláàsì fèrèsé kan jáde lẹ́yìn ilé, ó tẹ́ ẹ lórí itan ara rẹ̀. Kò wọ̀n ọ́n. Kò fi rúlà lé e. Ó pa á lórí lẹ́ẹ̀kan, ó fa dáyámọ́ńdì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Pá! Ó là sí méjì, ó gún bí okùn tí wọ́n nà.

Ó wo gíláàsì méjèèjì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó sì bú sẹ́kún, bàbá ẹni ọdún márùnlélọ́gọ́ta, níwájú ilé rẹ̀, ní ọ̀sán gangan.

"Oṣù mẹ́ta," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wo ọwọ́ ara mi bí ọwọ́ àlejò. Gíláàsì lè bàjẹ́, Àbúrò. Ìwọ ń wá síbí lọ́jọọjọ́ Àìkú, ò ń wò mí." Ó nu ojú. "Máa lọ. Má tíì bẹ̀ mí. Ṣáà máa lọ ná."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ kẹta. Kò bú Kòdípẹtà, kò sì yan odì, ó ní kó kú àárọ̀. Ó ti ra tapólì ńlá kan, èyí tí iná ò lè jó, ó ní kó bá òun na irin kan láti ògiri dé ògiri tóun á fi kọ́ ọ sáàárín apá méjèèjì. Kòdípẹtà rọ irin náà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì rọ irin tó dára tó bẹ́ẹ̀, kò sì rọ èyí tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí rẹ̀, kò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, kò sì sọ pé kò ní dípẹtà. Kò tíì sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Gíláàsì Ìyá Tíṣà ti padà sórí tábìlì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́. Ó ti mọ àwọn ẹ̀kán náà báyìí. Ìsàlẹ̀ wọn ló ń gbé ife sí, òkè wọn ló ń gbé oògùn ojú sí. Ó sì ti dárí ji Kòdípẹtà, ó ránṣẹ́ sí i. Ìdáríjì tó kù, ọwọ́ ẹlòmíràn ló wà.

Iṣẹ́ ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tapólì. Rédíò wà lápá òsì. Wọn ò rí ojú ara wọn mọ́ àfi tí ẹnì kan bá ń jáde. Iná ò sì lè kọjá mọ́, kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ ké. Síbẹ̀, kí Kòdípẹtà tó tan ẹ̀rọ, á dúró, á gbé ìka lé ibi tí wọ́n ti ń tàn án. "Mo fẹ́ lọ irin o, Ẹ̀gbọ́n!"

Nígbà mìíràn ìdáhùn á tètè wá. Nígbà mìíràn á pẹ́, oníbàárà tó wà lẹ́nu ọ̀nà á sì bi í pé kí ló ń dúró dè. Orúnkún Kòdípẹtà á wà lórí sìmẹ́ńtì lásán, kò tẹ́ nǹkan kan sí i, á máa dùn ún, kò sì ní tan ẹ̀rọ títí yóò fi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn tapólì: "Mo ti bò ó."